Obìnrin Tó Ń Pe Ṣàràfá Nínú Géèmù

Ẹ má fi gbogbo etí gba ohun tí wọ́n ń sọ lórí fóònù. Ṣàràfá ò kú. Èmi Mojí ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi tí ṣọ́ọ̀bù mi àti tirẹ̀ jọ pín ògiri kan ní Sabon Gari níbí, tí mo máa ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ láàárọ̀ àti ariwo àwọn oníbàárà rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ká ní ó ti kú ni, èmi ni ì bá kọ́kọ́ rí ìsinmi. Ike ẹ̀yìn fóònù àti ṣájà ni mò ń tà, ọjà tó gba pé kí èmi àti oníbàárà gbọ́ ara wa yé. Ariwo ni ọjà tirẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà ni Ṣàràfá, ṣùgbọ́n Ọ̀fà tó mọ̀ kò ju èyí tó ń rí nígbà ọdún Iléyá lọ. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ṣí wá sí Kánò. Bàbá rẹ̀ rán fìlà ní Fagge títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ìyá rẹ̀, Hajarat, ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ní Ọjà Sabon Gari pẹ́ débi pé àwọn Hausa ò mọ orúkọ mìíràn fún un ju Hajiya Mai Zare lọ, ìyẹn ìyá olówùú. Orúnkún ló lé e wálé. Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà, àmọ́ èyí tí Ọlọ́run fún wa ládùúgbò yìí, bí o bá fi ìka kan tì í, á jókòó. Ó gùn, kò lẹ́ran lára, ó sì ti ń sún mọ́ ẹni ogójì ọdún láì tíì mú obìnrin kankan wálé. Bí a bá bi í, á ní òun ń parí géèmù kan lọ́wọ́.

Géèmù yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà nínú páálí tó ń dán o. Àwọn ẹ̀rọ géèmù àtijọ́, tí àwọn tó ṣe é ti pa tì, ló ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn ilé géèmù wa láti ibí dé Fagge, géèmù bọ́ọ̀lù sì ni gbogbo wọn ń béèrè. Ṣàràfá á mú géèmù bọ́ọ̀lù àtijọ́ kan, á tú inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, á yọ àwọn òyìnbó inú rẹ̀ kúrò, á sì kó àwa sí i.

Mo ní á kó àwa sí i. Ó ní ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Ọjà Sabon Gari, tí wọ́n wọ aṣọ pupa, tí wọ́n ń ti ara wọn bí ẹni tó ń du ìsọ̀. Ó ní ẹgbẹ́ Fagge. Ó ní ẹgbẹ́ Nassarawa GRA, tí bàtà wọn funfun nini, tí wọn kì í sáré rárá, nítorí ó ní àwọn olówó kì í sáré, dírẹ́bà ló máa ń gbé wọn. Ó fi fọ́tò díákónì ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe rẹfirí, láìtọrọ àyè. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni díákónì yìí, kò lè bá adìyẹ wí, ṣùgbọ́n nínú géèmù, káàdì pupa kì í gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀. Gólí ni mí. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tó rí lára mi tó fi sọ mí di gólí, ó ní, “Àǹtí Mojí, ta ló lè kọjá níwájú yín tí ẹ ò ní mú un?” Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló gbà mí.

Mo bi í nígbà kan bóyá àwọn tó ni géèmù fún un láṣẹ.

“Àṣẹ kẹ̀? Wọ́n ti gbàgbé ẹ̀ tipẹ́, wallahi. Ẹni tó ju nǹkan nù, ẹlòmíì ló máa he é.”

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni àwọn kan ní Kàdúná he tirẹ̀ náà. Wọ́n da géèmù rẹ̀ kọ, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀, wọ́n fi tiwọn sí i, wọ́n sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé. Ẹ̀yin ará, ẹ wá wo Ṣàràfá! Ó ń fò sókè sódò níwájú ṣọ́ọ̀bù. “Barayi! Olè ni wọ́n! Iṣẹ́ ọwọ́ mi! Òógùn ojú mi!” Mo dá a lóhùn láti ibi tí mo jókòó sí pé ẹni tó jí kàkàkí ọba, níbo ló fẹ́ ti fọn ọ́n? Kò kí mi fún odidi ọjọ́ kan.

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa jí géèmù Ṣàràfá ni ẹnu rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀, Yorùbá tó da Hausa pọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n sọ. Bí agbábọ́ọ̀lù bá pàdánù bọ́ọ̀lù, á ní “Haba! Ṣé ẹ̀gúsí lo jẹ àbí oorun?” Bí góòlù bá wọlé, á kígbe títí ọ̀fun á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Jẹnẹrétọ̀ mi kò jẹ́ kó lè ká ohùn sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà pálọ̀ ìyá rẹ̀ tó wà lódìkejì títì ló ti ń ká a. Á ti fèrèsé, á da aṣọ ìbora borí, á ki nǹkan bọ etí, á wá máa pariwo góòlù lábẹ́ aṣọ bí ẹni tí kòkòrò ta.

Màmá rẹ̀ ní ìwà kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Kò lè pẹ́ kó má pe Ṣàràfá. Bó wà nílé, á pè é. Bó wà ní ṣọ́ọ̀bù, á pè é láti ẹnu ọ̀nà, ohùn yẹn á sì fò lórí títì kọjá mọ́tò àti kẹ̀kẹ́ Adaidaita, nítorí ohùn ọjà ni, ohùn tó ti fi pe aláàárù láti ìpẹ̀kun ọjà kan dé èkejì. A mọ ìdí tó fi ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ọmọkùnrin méjì ló bí ṣáájú Ṣàràfá, ilẹ̀ gba méjèèjì kí wọ́n tó tó ẹni tí wọ́n ń fi sí ilé kéwú. Èyí tó ṣẹ́kù ló ń pè, kó lè gbọ́ pé ó wà.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé lọ́jọ́ kan tí Ṣàràfá wà lábẹ́ aṣọ, tó ń ká ariwo góòlù sílẹ̀, Màmá pè é láti yàrá. Ẹ̀rọ gbọ́. Òun tó ki nǹkan bọ etí kò gbọ́. Ìkánjú kò sì jẹ́ kó tún un gbọ́ wò kó tó kó o jáde. Góòlù kan wà nínú géèmù náà, èyí tí wọ́n bá jẹ lákòókò tí òjò ń rọ̀ lórí pápá. Bí o bá jẹ ẹ́, wàá gbọ́ ariwo Ṣàràfá, ariwo náà á lọ sílẹ̀, nígbà náà ni wàá wá gbọ́ ohùn obìnrin kan láti ọ̀nà jíjìn: “Ṣàràfá! Ṣàràfá ò! Ṣé o ò gbọ́ mi ni?” Kò sí ìdáhùn. Òjò á máa rọ̀ lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìlọrin ló kọ́kọ́ gbé ohùn náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí ẹni tó bá gbójú wá gbọ́. Kò mọ ẹni tó ṣe géèmù, nítorí wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀. Àwọn kan dá a lóhùn pé àwọn náà ti gbọ́ ọ. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti ẹlẹ́nu: orúkọ àwọn ẹgbẹ́ inú rẹ̀ ni wọ́n fi mọ Kánò, ẹnìkan sì ní ohùn ará Ọ̀fà lòun gbọ́. Wọ́n ní ọmọ kan wà ní Kánò tó ń jẹ́ Ṣàràfá, ọmọ Ọ̀fà, tó ń gbá géèmù tí kò jẹun, tí ìyá rẹ̀ ń pè é, tí kò dáhùn, tó kú sídìí géèmù. Àwọn kan ní ìyá náà kú tẹ̀lé e. Àwọn kan ní kò kú, orí rẹ̀ ló dàrú, tó ń pè é káàkiri ilé títí dòní. Ẹlòmíràn ní bí o bá fi ẹsẹ̀ òsì jẹ góòlù, orúkọ tìrẹ gan-an ló máa pè.

Ta ni nínú wa tí wọn ò kìlọ̀ fún nígbà èwe pé bó bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, tí kò rí ẹni tó ń pè é, kó má jẹ́ o? Òfin yìí ni wọ́n gbé lé géèmù lórí. Wọ́n ní bí o bá dáhùn, iná á lọ. Ẹ gbọ́ mi, ní Kánò! Bí ẹni pé iná máa ń dúró de òkú kó tó lọ. Ẹnìkan ní òun dáhùn, ajá àwọn sì kú lọ́sẹ̀ náà. Ẹlòmíràn bi í bóyá ajá náà ń gbá géèmù ni. Mo kà á títí mo fi gbàgbé ìrẹsì lórí iná.

Àwọn ọmọ àdúgbò wa ni wọ́n kọ́kọ́ jèrè rẹ̀. Mo pe Fisáyọ̀ ọmọ mi kó wá fọ abọ́, kẹ́kẹ́ pa. Mo tún pè é, kò dáhùn. Nígbà tí mo wọlé bá a, orí àga ló jókòó sí, ó di etí méjèèjì mú.

“Mummy, I no see your face na. How I go know say na you?”

Mo fi ojú mi hàn án. Ó mọ̀ pé èmi ni. Ṣùgbọ́n bákan náà ló rí nílé gbogbo, tí àwọn ìyá ń pe ọmọ tí ọmọ ń wòye, àwọn obìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán mi sí aládùúgbò mi pé kó wá yọ òkú rẹ̀ kúrò nílé àwọn.

Ṣàràfá ní tirẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá béèrè géèmù òkú, òun a sì máa ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, a máa mi orí, a ní “Allah ya kiyaye,” Ọlọ́run á ṣọ́ wa. Mo wò ó títí, ara mi kò gbà á mọ́.

“Ṣàràfá, bí ìyá rẹ bá gbọ́ ńkọ́?”

“Ó gbọ́ kí ni?”

“Pé o ti kú. Pé èyí tó ṣẹ́kù náà ti lọ.”

Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ó jókòó sórí páálí ṣájà mi, ó fọ́ ọ, mi ò sì lè bá a wí. Ó ní, “Àǹtí Mojí, don Allah, Màámi ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Ó máa pa wọ́n.” Láti ọjọ́ náà, kò tún rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà á, kí ẹnu ẹnìkan má lọ já a sílẹ̀ létí ìyá rẹ̀. Ó bẹ àwọn obìnrin àdúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. A gbà fún un, nítorí pé a fẹ́ràn obìnrin náà.

Ó wá kọ ọ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé òun ni Ṣàràfá, pé òun wà láàyè, pé ohùn ìyá òun ni, oúnjẹ ni wọ́n ń pe òun sí. Ọ̀kan dá a lóhùn pé, “Òkú ti ń ra dátà.” Òmíràn bi í bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára ní ọ̀run. Ó fi fọ́tò ara rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n ní ẹ wò ó bó ṣe gbẹ, ẹ ò rí i pé òkú ni? Èmi gan-an ò lè dá wọn lẹ́bi lórí èyí. Nígbà tí ó fi nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n lè pe òun, àwọn tí kò mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é tọ̀sán-tòru, wọ́n á gbọ́ “Hẹ́lò,” wọ́n á ké, wọ́n á pa fóònù. Ó sú u. Ó yọ káàdì fóònù náà, ó sọ ọ́ nù, ó gba òmíràn. Ọgbọ́n tó gbọ́n yìí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ilé wọn run.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun Àìlà, ó pinnu láti ṣe fídíò tí ayé ń wò bó ṣe ń lọ lọ́wọ́, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní láìfù. Ó ní òun máa fi bí òun ṣe ká ohùn náà hàn wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn náà òun á sọdá, òun á ní kí Màámi kí àwọn ènìyàn, òun ò ní sọ ìdí rẹ̀ fún ìyá òun. Èmi ni mo di fóònù mú. Àwọn ọ̀dọ́ ilé géèmù kún inú ṣọ́ọ̀bù fọ́fọ́, ooru ń mú, nọ́ńbà àwọn tó ń wò wá ń gòkè lókè fóònù lọ́hùn-ún.

Bí mo ṣe dúró, mo rí àwọn méjì tó sọ̀ kalẹ̀ nínú Adaidaita níwájú ilé Màmá. Àlùfáà Kàdírì, àbúrò bàbá Ṣàràfá, tó ń gbé Ọ̀fà, àti ìyàwó rẹ̀ Bàṣírátù. Mo juwọ́ sí wọn. Bàṣírátù, tó jẹ́ pé láti òkèèrè ló ti máa ń kí mi, wolẹ̀, ó sì wọlé. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni, nítorí ọ̀nà jìn.

Lẹ́nu Bàṣírátù ni mo ti wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé. Ọmọ agboolé wọn kan ló rí ìtàn náà lórí fóònù ní Ọ̀fà: Ṣàràfá, ọmọ Ọ̀fà, ní Kánò, ó kú, orí ìyá rẹ̀ sì dàrú. Wọ́n pe fóònù Ṣàràfá títí, kò lọ. Wọn ò pe ìyá rẹ̀. Ta ló ń fi fóònù túfọ̀ fún ìyá ọmọ? Wọ́n wọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n bá Màmá tó ń ṣa ìrẹsì, ó ń kọrin. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní àbí ẹ ò rí i, orí náà ti dàrú lóòótọ́.

Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe irú ọ̀rọ̀ yìí. A kì í là á mọ́lẹ̀. Àlùfáà Kàdírì jókòó, kò mu omi tí wọ́n gbé fún un. Ó ní Ọlọ́run ló ń fúnni. Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní Ọlọ́run kan náà ló ń gbà. Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni, ta ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Àlùfáà ní ohun tó bá dé bá ojú, kí ojú máa fara dà á. Màmá wá gbé ìrẹsì sílẹ̀. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí nínú pálọ̀ kan náà, nígbà méjì. Bàṣírátù bú sẹ́kún. Màmá dìde lórí orúnkún tó ń dùn ún, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó pè.

“Ṣàràfá!”

Ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wa gbọ́ ọ. Àwọn tó ń wò wá lórí fóònù gbọ́ ọ. Ohùn tó wà nínú géèmù ni, kò yàtọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà kígbe pé “Wallahi ita ce! Òun ni!” Ọ̀kan bẹ́ lu Ṣàràfá, ó fọwọ́ bò ó lẹ́nu. “Kar ka amsa! Má dáhùn o! Oga, abeg, no answer!” Mo wo fóònù, nọ́ńbà náà ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

“Ṣàràfá ò!”

Ṣàràfá yọ ọwọ́ ọmọ náà kúrò lẹ́nu. Mo rò pé ó fẹ́ dáhùn ni. Àmọ́ ó rí nọ́ńbà lójú fóònù, ojú rẹ̀ sì tàn. Ó gbé ìka sókè sí gbogbo wa. “Ẹ dákẹ́, ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí Màámi pè mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Káyé lè gbọ́ ọ dáadáa.”

Bàṣírátù ní ní àkókò yìí, ọkọ òun ti di Màmá lápá mú lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń sọ fún un pé, “Hajarat, ìyàwó wa, fara balẹ̀. Kò lè dáhùn mọ́.”

Ìpè kẹta kò ní orúkọ nínú dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ bí orúkọ, ó sì já láàárín. Mo ti ń gbọ́ ohùn yẹn lójoojúmọ́, mi ò gbọ́ ọ báyẹn rí. Inú bí mi. Mo gbá Ṣàràfá lẹ́yìn gbì.

“Òmùgọ̀! Ìpè yẹn kì í ṣe ti oúnjẹ! Dáhùn!”

Òun náà ti gbọ́ ọ. Ó ti fo tábìlì kọjá. “Mà! Màámi! Mo wà níbí, mà!” Ẹsẹ̀ lásán ló fi já sí títì, Adaidaita kan tẹ bíréèkì, dírẹ́bà ṣépè fún un ní Hausa, Ṣàràfá ò tilẹ̀ wò ó. Mo sá tẹ̀lé e tèmi ti fóònù lọ́wọ́. Mi ò rántí pé mi ò tíì pa á.

Gèlè ti bọ́ lórí Màmá. Nígbà tí Àlùfáà Kàdírì rí ẹni tó ń sáré bọ̀, ó fi apá Màmá sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké aúsù láti fi lé òkú, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọ̀tún àti òsì. Bàṣírátù gba ilé ìdáná lọ. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín kú. Ṣàràfá na gbọọrọ sílẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Màmá tẹ̀ kalẹ̀ lórí orúnkún náà, ó fọwọ́ pa orí rẹ̀, ó pa etí rẹ̀, ó pa èjìká rẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò bóyá ó ya. Lẹ́yìn náà ló fọ́ ọ létí.

“Ibo lo wà?”

“Ṣọ́ọ̀bù, mà.”

“O ò gbọ́ mi?”

Ó lè purọ́. Ariwo jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀ fún un láti fi ṣe àwáwí. Ṣàràfá dojú bolẹ̀, ó ní, “Mo gbọ́, Màámi. Láti ìpè àkọ́kọ́ ni mo ti gbọ́.”

Màmá ní, “Mo pe Hàrúnà, kò dáhùn. Mo pe Jímọ̀, kò dáhùn. Mi ò bá wọn jà, wọn ò ní ẹnu tí wọ́n á fi dáhùn mọ́. Ìwọ tí o lẹ́nu, tí o wà lódìkejì títì, o gbọ́ mi, o sì dákẹ́?”

Láti ìgbà tí mo ti mọ obìnrin yìí, mi ò gbọ́ orúkọ àwọn ọmọ náà lẹ́nu rẹ̀ rí. Mi ò mọ̀ pé wọ́n lórúkọ tí ẹnìkan ṣì ń pè. Ẹkún gbọ̀n mí. Ṣàràfá náà ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, ó ń ní “Ẹ jọ̀ọ́, mà.”

Èmi ni mo wá ṣàlàyé: géèmù, ohùn rẹ̀ nínú géèmù, irọ́ tí wọ́n pa mọ́ ọn, bí irọ́ náà ṣe dé Ọ̀fà. Mo rò pé ó máa tún bínú. Ó kàn béèrè pé, “Àwọn wo ló ní ó kú?” Mo fi fóònù hàn án. Mo ní àwọn wọ̀nyí ni, Màmá, wọ́n ṣì ń wò wá. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sún mọ́ ojú débi pé imú rẹ̀ nìkan ni wọ́n á máa rí.

“Ṣé wọ́n ń gbọ́ mi?”

“Wọ́n ń gbọ́ yín, mà.”

“Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ. Èmi ni obìnrin tó ń pe Ṣàràfá. Mi ò tíì kú, orí mi ò sì dàrú. Òun nìyí nílẹ̀ yìí, ikun ń yọ nímú ẹ̀. Mi ò bá yín jà. Àmọ́ èyí tí ìyá ẹ̀ ń pè lọ́wọ́ nínú yín báyìí, tó ń gbọ́, tó jókòó ti fóònù, kó dìde, kó lọ dáhùn. Kó lọ báyìí.”

Ó dá fóònù padà fún mi. Mo wò ó. Nọ́ńbà tó ti ń gòkè láti ìbẹ̀rẹ̀ dúró. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó ń já bọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe é. Ẹnìkan kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Mo ń bọ̀, wọ́n ti ń pè mí láti àárọ̀.” Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, àwọn ọ̀dọ́ tó kún ṣọ́ọ̀bù ti ń jáde lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo pa fóònù. Àlùfáà Kàdírì ti jókòó sórí àga, ó ń nu ojú. Màmá ò tíì dìde nílẹ̀, orí Ṣàràfá wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ṣàràfá.”

“Mà.”

Ó tún pè é, ó tún dáhùn. Ó tún pè é. Ọkùnrin náà kò jẹ́ kí ìpè kankan kọjá òun, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni nínú wa tó ní kí ìyá náà dákẹ́.